Kí Igi Orógbó Tó Ku Ẹyọ Kan

Tí a bá ń sọmọ lórúkọ, orógbó la fi ń wúre pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. Ó wá yani lẹ́nu pé ẹ̀mí igi orógbó fúnra rẹ̀ ló ń kúrú. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń dín kù láyé, ti fi í sára àwọn igi tó wà nínú ewu.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Orógbó tí à ń rún lẹ́nu yẹn, irúgbìn igi náà gan-an ni. À ń gé igi rẹ̀ ṣe pákò, à ń pa igbó tó ń hù sí run. Ẹni tó bá sì gbìn ín gbọ́dọ̀ ní sùúrù: ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó hù, ó sì lè lé lọ́dún mẹ́wàá kó tó so.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí ká sá irúgbìn rẹ̀, ká kó o pamọ́ síbi tútù bíi ti àgbàdo?" Kò lè ṣiṣẹ́. Tí irúgbìn orógbó bá ti gbẹ tán, ó kú nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgò ti wọlé. Ní láàbù, wọ́n á gé ọ̀mùnú igi díẹ̀, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sórí agar, ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, tí wọ́n ti po ṣúgà, èròjà ilẹ̀ àti họ́mónù mọ́. Auxin á jẹ́ kó ta gbòǹgbò, cytokinin á jẹ́ kó yọ ẹ̀ka. Tó bá yọ, wọ́n á tún un gé: ẹyọ kan á di púpọ̀. Kì í ṣe àlá o. Ní Ìbàdàn, inú ìgò báyìí ni IITA ń tọ́jú oríṣiríṣi iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí.

Mo fara mọ́ ọn pé ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún orógbó. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká fi ìgò ṣe àwáwí: "Ẹ máa gé igbó lọ, láàbù ṣáà wà." Rárá o! Ẹ̀dà ohun tí a bá fún ìgò ló máa ṣe fún wa.

Ẹ wo igi kan tó ń jẹ́ Encephalartos woodii. Lọ́dún 1895, John Medley Wood rí i nínú igbó Ngoye ní Gúúsù Áfíríkà. Ìdí kan ṣoṣo ni, akọ sì ni. Wọn ò tiẹ̀ lo ìgò; ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ gbìn káàkiri ayé. Akọ ni gbogbo wọn. Títí dòní, kò sẹ́ni tó rí abo rẹ̀. Ó pọ̀ nínú ọgbà, kò sì lè so irúgbìn tirẹ̀.

Orógbó náà ní akọ, ó ní abo. Tí a bá dúró dìgbà tó ku igi kan, a lè ní ẹgbẹ̀rún ìgò, igi kan náà ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Ẹ sì rántí pé igi igbó kì í tètè gbà fún ìgò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀: ojú ibi tí wọ́n gé máa ń dúdú, ìdin àìrí máa ń bà á jẹ́, iná sì lè lọ kí yàrá gbóná. Iṣẹ́ àdánwò ni. Tí a bá máa kùnà, ká kùnà nísinsìnyí tí igi ṣì wà lóko tí a lè padà lọ gé.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì wa àti FRIN gba ọ̀mùnú lára igi púpọ̀, takọ tabo, láti Oǹdó dé Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin náà, tí igi orógbó bá wà lóko bàbá yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gé e. Tí ẹ bá sì rí orógbó tútù níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ má jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ gbin ẹyọ kan.