Lẹ́tà Ẹlẹ́wà Lójú Bánà
Mo fẹ́ràn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára bánà ní agbègbè Ìpàtá n'Ílọrin: ẹsẹ̀ kan nípọn, èkejì tín-ín-rín bí irun. Giambattista Bodoni, òǹtẹ̀wé tó kú ní Parma ní 1813, àti ìdílé Didot ní Paris ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, bébà dídán ni wọ́n sì ṣe é fún. Bánà tí oòrùn àti eruku ọjà ń bá jà kì í ṣe bébà dídán. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò ráyè dúró kà á. Ìlà tó dábùú inú "e" ló kọ́kọ́ ń pòórá, "e" á wá di "c", àdírẹ́sì á sì dàrú. Ti Yorùbá tún wá le jù: "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù nínú kọ̀ǹpútà; ńṣe là ń fi àmì ohùn kún "ẹ" àti "ọ". Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá pèsè ibi tí àmì yóò jókòó sí, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lọ gun lẹ́tà kejì lórí. Kí iṣẹ́ lè yá, àwọn kan a pa gbogbo àmì rẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ fi lẹ́tà ẹlẹ́wà yẹn kọ orúkọ gàdàgbà lókè, ẹ fi èyí tó nípọn dọ́gba kọ ọjọ́, aago àti ibi tí wòlíìmọ̀, ìyẹn àsè ìgbéyàwó, yóò ti wáyé, kí ẹ sì tẹ "Ẹ́" àti "Ọ̀" wò kí ẹ tó sanwó.