"Àwa" wo lò ń wí, Àkànní?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjàyè Orílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì tí ì kúrò lọ́kàn mi. Àkànní ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ìṣirò nílùú òyìnbó, ló pè wá lórí fóònù. Ó ń ròyìn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún wa, ló bá ní, "Àwa níbí, a kì í na ọmọ o." Ìyá rẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi: "'Àwa' wo lò ń wí, Àkànní?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọmọkùnrin lẹ́nu.

Ṣé ẹ rántí pé oṣù Kejì ọdún 2023 nìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fáwọn tíṣà láti Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan, pé ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè fi ìwé-ẹ̀rí ilé gba tiwọn lọ́hùn-ún. Àkànní wà lára àwọn tó bá ọ̀nà yẹn lọ. Ó ta ọ̀kadà, ó ta ilẹ̀ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó dágbére fún wa. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti kúrò nílé níbí kò tí ì rí tíṣà ìṣirò mìíràn. Tíṣà tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ní kó máa bá wọn dì í mú.

Òtútù ibẹ̀ kò bà á lẹ́rù tó ojú àwọn ọmọ. Ó ní bí òun bá ń bá ọmọ wí, ńṣe ni ọmọ á ranjú mọ́ òun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbí, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú nígbà tí wọ́n ń bá a wí, ọmọ burúkú ni. Ni Àkànní bá pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Gbé ojú ẹ sílẹ̀!" Ọ̀gá rẹ̀ pè é sẹ́yìn, ó ní ọmọ tó bá gbójú sá fún tíṣà làwọn ń pè ní aláìgbọràn, tàbí òpùrọ́. Ó kọ́ ọ, ó mọ́ ọn lára. Àṣé ó ti mọ́ ọn lára jù! Nígbà tó wálé ní Kérésì, ọmọ àbúrò rẹ̀ da omi nù, Àkànní dì í lápá mú: "Wò mí lójú!" Ọmọ bú sẹ́kún, kò mọ èwo ni kóun ṣe. Ìyá àgbà ní, "Ṣé o fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ fún wa ni?" Ti ọwọ́ òsì tó fi na nǹkan sí bàbá kan, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìjàyè ti rí irú èyí rí. Kí ọmọ wa tó lọ sọ́dọ̀ òyìnbó, tíṣà òyìnbó ti wá síbí. Ní 1853, Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tí ìjọ CMS rán, dé sọ́dọ̀ Ààrẹ Kúrunmí. Lọ́dún yẹn náà ni T. J. Bowen, oníbatísí láti Amẹ́ríkà, dé tòun tìyàwó. Bowen gbọ́ Yorùbá débi pé ní 1858 wọ́n tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni R. H. Stone dé láti Virginia, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn dúdú bí ẹní ta ewúrẹ́ nígbà náà. Stone kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé ọ̀lẹ tó wà níhòòhò lòun rò pé òun máa bá. Alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, aránṣọ, oníṣẹ́ awọ àti àgbẹ̀ ló bá! Ẹni tó wá kọ́ni ló ń jókòó kẹ́kọ̀ọ́.

Ìbàdàn náà ní tiwọn. David Hinderer, ọmọ Jámánì, CMS kan náà, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Kúdẹtì láti 1853. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́ pé kó kọ́ wọn. Ìyá làwọn ọmọ ń pè é.

Wàyí o, Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí ní àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, òun ò mọ Adélù lọ́ba. Ìbàdàn ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ogun dé ní 1860. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Mann ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Ìjàyè, ó sì ń gbèjà Ìjàyè nínú lẹ́tà. Hinderer ń kọ̀wé láti Ìbàdàn, ẹjọ́ Ìbàdàn ló ń rò. Ọmọ ìlú kan, ọmọ ìjọ kan, ẹni kan ló ń sanwó fún wọn! Ta ló rán wọn? Kò sẹ́ni tó rán wọn. "Àwa" ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu ni. Ọ̀nà etíkun dí, Anna ń ta ẹrù ilé rẹ̀ káwọn ọmọ lè jẹun. Ní oṣù Kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Kúrunmí ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Mann àtìyàwó rẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi táwọn oníbatísí ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjàyè lọ kí ebi má bàa pa wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Stone tọ́ ni Moses Ládẹ̀jọ Stone. Orúkọ òyìnbó yẹn ló jẹ́ títí. Òun náà ló sì wà níwájú nígbà táwọn ọmọ ìjọ First Baptist l'Ékòó bínú kúrò lábẹ́ òyìnbó ní 1888, tí wọ́n dá Native Baptist sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

Nítorí náà, èmi ò bá Àkànní wí. Ẹni tó bá ń jẹ, tó ń sùn, tó ń jà níbì kan, ẹnu rẹ̀ á pè é ní "àwa" lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń dùn mí ni tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn tó ń tiraka pẹ̀lú ìṣirò. Nígbà tí Mann wá, Ìjàyè rí tíṣà. Àkànní lọ, ta la rí?

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Màámi, ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣì í."

"Mo gbọ́. Ṣé wàá wálé ní Kérésì?"

"Ó dọwọ́ ìgbà tí wọ́n bá fún wa ní họlidé, Màámi."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ yí ẹlùbọ́ tó sá sóòrùn.