Olówó Ra Ilẹ̀, Kò Rí Oorun Àlejò Rà

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí, ẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá yá, ẹ máa ronú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe àwàdà.

Bí ìyá kan bá lọ ra iṣu l'Òkè-Ògùn, tí lọ́rì wá taku sójú ọ̀nà, tí ìyá sun ẹ̀gbẹ́ ẹrù rẹ̀ mọ́jú, ta ló máa sọ pé fàájì ló lọ ṣe? Ìyà ni. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́, ìrì á sẹ̀ sí i lára, ọkàn rẹ̀ ò sì ní balẹ̀ nítorí olè. Ṣùgbọ́n nílùú òyìnbó, ẹni tó nílé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, á kàn ṣàdédé gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì, á forí lé igbó. Á pa àgọ́ aláṣọ kékeré kan sétí odò tàbí sórí òkè, á rá wọ inú rẹ̀ bí òkété, á sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tó bá di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, á padà sẹ́nu iṣẹ́, á ní ara òun ti yá!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o. Oorun inú àgọ́ yìí ló gbé olówó kan àti ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ dé ilé ẹjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílẹ̀ England. Wọ́n fà á títí, ó di ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ tí kò tún sẹ́ni tó jù wọ́n lọ mọ́. Kí ni wọ́n ń jà sí? Ìbéèrè kan péré ni: ṣé èèyàn lè sùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ?

ILẸ̀ NÁÀ ÀTI ÀWỌN TÓ NI ÍN

Dartmoor ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó wà ní Devon, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn England. Pápá orí òkè ni, ó fẹ̀ lọ salalu, ó kún fún àpáta, koríko àti àbàtà. Orí rẹ̀ ni odò Dart, odò Teign àti odò Erme ti ń sun, kí wọ́n tó ṣàn lọ bá òkun. Màlúù àti àgùntàn ń jẹ̀ níbẹ̀, ẹṣin kéékèèké náà ń rìn káàkiri. Láti 1951 ni ìjọba ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ pé kí wọ́n má bà á jẹ́. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ tó tó 2,400 máa ń péjọ síbẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn láti orí àpáta kan dé òmíràn, tí wọ́n á sì sùn nínú àgọ́ lóru. Ten Tors lorúkọ ìdíje náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ tí kò ní olówó ni o. Ó ní oní-nǹkan. William, àrẹ̀mọ ọba England, ló nilẹ̀ jù níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Duchy of Cornwall. Àwọn olówó mìíràn náà ní ti wọn. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọn ò ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti da ẹran wọn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe wà láti ayébáyé.

Ní 1985, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan fún àwọn pápá náà. Òfin yìí fún gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibẹ̀, ní ẹsẹ̀ àti lórí ẹṣin, fún fàájì ìta gbangba. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá wá ṣe fàájì lè pàgọ́, kó sùn, kó sì máa lọ lọ́jọ́ kejì. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Dartmoor náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà.

Ó ṣe wá di ọdún 2011. Ọkùnrin kan, Alexander Darwall, tó ń fi owó àwọn olówó ṣòwò fún wọn ní London, òun àti ìyàwó rẹ̀ Diana, ra ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Blachford, tó wà ní gúúsù Dartmoor. Ilẹ̀ náà tó ẹgbàajì éékà, ìyẹn 4,000. Ẹ gbọ́ o, ẹgbàajì! Ara ilẹ̀ náà ni pápá Stall Moor wà, níbi tí àwọn apàgọ́ máa ń sùn.

Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya náà sọ kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n ní àwọn kan máa ń dáná, iná lè ràn mọ́ koríko gbígbẹ. Wọ́n ní àwọn kan máa ń da pàǹtí sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń sin màlúù, àgọ́ àti èrò lè dà wọ́n láàmú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó kọ́kọ́ wá gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ká má parọ́, ta ló nilẹ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀?

ILÉ ẸJỌ́ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í TÚ ỌRỌ̀

Ní January 13, 2023, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga dá a láre fún onílẹ̀. Ó ní rírìn lórí òkè ni fàájì, pé àgọ́ kì í ṣe fàájì fúnra rẹ̀, ohun èèlò lásán ni. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, gbogbo ẹni tó ti ń sùn síbẹ̀ láti ọdún yìí wá ti di arúfin.

Ariwo ta! Lóṣù yẹn kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tọmọdé tàgbà, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Stall Moor nínú òtútù, wọ́n ní àwọn ò gbà. Àwọn onílẹ̀ kan àti ìgbìmọ̀ Dartmoor wá jókòó, wọ́n fi ẹnu kò pé kí wọ́n ṣí àwọn ibì kan sílẹ̀ fún apàgọ́, kí ìgbìmọ̀ sì máa san owó fún onílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró síbí yìí kí ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú lánàá ti di ojú rere onílẹ̀ lónìí, wọ́n sì tún ń sanwó lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yá ìsọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìsọ̀ lọ́wọ́ ń fọkàn balẹ̀ tajà. Ẹni tí wọ́n kàn ní kó máa lò ó ná, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà, nítorí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó palẹ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ Dartmoor kò káwọ́ gbera. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Ní July 31, 2023, adájọ́ mẹ́ta yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà. Àlàyé wọn dùn ún gbọ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń rìn lórí òkè, tó rẹ̀ ẹ́, tó dùbúlẹ̀ sórí koríko láti sinmi, ṣé kì í ṣe fàájì ló ṣì ń ṣe ni? Fàájì ni. Tí oorun bá wá gbé e lọ ńkọ́? Fàájì náà ni. Bó bá fi aṣọ bo ara rẹ̀ kí òjò má pa á, ṣé aṣọ yẹn ló máa wá sọ ọ́ di arúfin? Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Olówó ò gbà. Ó tún gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Níbẹ̀, àwọn lọ́yà rẹ̀ di ọ̀rọ̀ kan mú ṣinṣin: "ní ẹsẹ̀ àti lórí ẹṣin." Wọ́n ní òfin sọ pé kí àwọn èèyàn rìn tàbí kí wọ́n gẹṣin, ẹni tó wà nínú àgọ́ kò rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò gẹṣin. Ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn! Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní ọ̀nà tí èèyàn máa gbà wọ ibẹ̀ ni gbólóhùn yẹn ń sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò wọ pápá. Ohun tó máa ṣe bó bá débẹ̀ ni fàájì ìta gbangba, àgọ́ sì wà nínú fàájì náà. Wọ́n tún ní òfin ti fún ìgbìmọ̀ Dartmoor lágbára láti ṣe òfin kéékèèké tí wọ́n máa fi mú ẹni tó bá ṣe bó ṣe wù ú, nítorí náà kí onílẹ̀ má fòyà. Ní May 21, 2025, gbogbo wọn fi ẹnu kò, wọ́n da ẹjọ́ onílẹ̀ nù. Ó parí.

ETÍ ODÒ ÀTI ETÍ ÒKUN Ń KỌ́?

Kí ọmọ wa tó wà ní London má wá ka èyí kó lọ pàgọ́ síbi tó bá ti rí o. Dartmoor nìkan ni ìdájọ́ yẹn wà fún. Ní ibi tó kù jù lọ ní England, òfin 2000 gba èèyàn láàyè láti rìn lórí àwọn òkè àti pápá kan. Òfin 2009 ṣe bẹ́ẹ̀ fún etí òkun. Ṣùgbọ́n rírìn ni o. Ẹni tó bá fẹ́ sùn sétí odò tàbí etí òkun, àfi kó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó nilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn tiẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò. Láti July 2023, òfin England gbà kí àgbẹ̀ fi oko rẹ̀ gba àgọ́ tó tó 50 fún 60 ọjọ́ lọ́dún, láìtọrọ ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, bó bá ṣáà ti sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ rí i pé ajé wà nínú oorun náà!

Ní Scotland, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin 2003 ibẹ̀ fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀, títí kan etí odò, etí adágún àti etí òkun, láìtọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: kí èrò má pọ̀, kí wọ́n má pẹ́ ju òru méjì mẹ́ta lọ lójú kan, kí wọ́n jìnnà sí ilé onílé, kí wọ́n má wọ inú oko tí nǹkan ọ̀gbìn wà.

Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Adágún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Loch Lomond, kò jìnnà sí ìlú Glasgow, ó sì rẹwà. Àwọn kan ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń gé igi ìdáná, wọ́n ń da ìgò àti pàǹtí sílẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ káàkiri, wọ́n á tún fi àgọ́ sílẹ̀ lọ. Nígbà tó di March 2017, ìjọba fi òfin dè é. Láti oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ sí àwọn etí omi kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó gba ìwé àṣẹ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ sọ́nà á bá eṣinṣin lábọ̀. Kì í ṣe onílẹ̀ ló gba ẹ̀tọ́ wọn, ìwà ọwọ́ wọn ni.

Àwọn ti Dartmoor mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má dáná níta, kí àgọ́ jìnnà sí títì tó 100 mítà, kí pàǹtí tí èèyàn gbé wá sì bá a padà lọ. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ lóru, tí ẹlòmíràn débẹ̀ láàárọ̀, kó má ṣe mọ̀ pé èèyàn sùn síbẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá gidi. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lọ sùn nínú igbó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀yin òǹkàwé ló ti rí ọ̀nà odò tí ìyá yín àti ìyá ìyá yín ń gbà lọ pọnmi, tí olówó kan ra ilẹ̀ ibẹ̀, tó mọ odi yí i ká, tó gbé géètì sí i? Ẹ bi í, ó ní òun ti sanwó. Ẹ bi ẹbí tó ta ilẹ̀, wọ́n ní àwọn rò pé ó máa jẹ́ kí aráyé máa kọjá. Wọ́n rò!

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹbí bá ń bá olówó dúnàádúrà, gómìnà ò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ló wà níbẹ̀. Àwọn ló yẹ kó sọ pé kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀nà odò wà fún ará àdúgbò, kí sàfíyọ̀ sì fà á sínú àwòrán ilẹ̀. Àṣà dára, ṣùgbọ́n àwọn ará Dartmoor ti ń sùn sórí òkè yẹn tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ kì í ṣe pípẹ́ náà ló gbà wọ́n. Gbólóhùn kan tí wọ́n kọ sínú òfin ní 1985 ló gbà wọ́n lọ́wọ́ olówó.

Àwa tí a sì ń lo ọ̀nà odò náà, ẹ jẹ́ ká má da ike omi àti ọ̀rá síbẹ̀. Onílẹ̀ tó ń wá ẹ̀rí, ẹ má fi ọwọ́ ara yín kó o fún un.

Ṣé ọ̀nà odò kan ti dí ládùúgbò tiyín? Ṣé ẹ rí i gbà padà, àbí ẹ fi ṣe é fún Ọlọ́run? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.