Yìnyín náà ń tọ́jú agbára oòrùn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé iná oòrùn kò lè ṣe àwa ará Àgbádárìgì láǹfààní torí pé ilẹ̀ ń ṣú, bátìrì nìkan ló rò pé ó lè tọ́jú agbára oòrùn. Yìnyín ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja etí ọ̀sà nílò jù! Kí oòrùn ọ̀sán ṣe yìnyín, kí yìnyín tọ́jú ẹja mọ́jú. Kí bátìrì gbé gílóòbù àti fáànù. Bátìrì lithium ni kí a rà, torí ti ásíìdì kì í pẹ́ bàjẹ́ bí a bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: èéfín rẹ̀ ń dá kún ooru ayé, òkun sì ń jẹ etíkun wa. Òfin Iná Mànàmáná 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná fúnra wọn. Kí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú wa níbí.

Ará Àgbádárìgì