Ẹ Má Pe Ìyá Ọmọ Ní Olódo

Lọ́sẹ̀ yìí n kò ní sọ̀rọ̀ àìsàn kan pàtó. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ni mo mú wá, ẹni tí kì í ṣe dókítà oníṣègùn rárá, síbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ orúkọ rẹ̀. George Miller ni orúkọ náà.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní ìlú Charleston, ní West Virginia. Nígbà ogun Hitler, iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard ni láti wádìí bí ariwo ṣe ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ láti dé etí ẹni tí à ń bá sọ ọ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ń lọ nínú ọpọlọ; wọ́n ní ohun tí ojú bá rí nìkan ni kí á máa wọ̀n. Miller wà lára àwọn tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1960, òun àti Jerome Bruner dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Harvard fún ìwádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú tí ó sì ń rántí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ ní 1956 ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ó ní bí a bá ka nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kà á padà lójú ẹsẹ̀, nǹkan bí méje ni yóò mú, ìyẹn márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Ní 2001, Nelson Cowan tilẹ̀ ní bíi mẹ́rin péré ni. Kì í ṣe àìkàwé ni ó fà á o. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá wa.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ìyá kan gbé ọmọ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru wá. Mo ní: tú gbogbo pákẹ́ẹ̀tì yìí sínú omi mímọ́ lítà kan, fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, fún un nígbàkígbà tí ó bá yàgbẹ́, da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lọ́jọ́ kejì, po hóró zinc fún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ dá, má ṣíwọ́ ọmú, fọ ọwọ́ rẹ, bí ojú ọmọ bá jìn tàbí tí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, sáré padà wá. Ẹ kà á, ẹ wò ó bóyá kò tó mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, ọmọ sì ń ké.

Lọ́jọ́ kejì ó padà dé. Ó ti po odidi pákẹ́ẹ̀tì sínú omi ife kan! Iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn, mo pè é ní olódo. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ yè. Ojú ṣì ń tì mí.

Miller kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mẹ́nu ba àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ wáyà láyé àtijọ́: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìró kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá pẹ́, ìró di lẹ́tà, lẹ́tà di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ di odidi gbólóhùn. Bí igi ìdáná ni: ẹni tí kò lè kó ogún igi mọ́ra lè gbé ìdì méjì. Àwa náà kì í pe nọ́ńbà fóònù mọ́kànlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a máa ń dì í ni.

Nítorí náà mo di ọ̀rọ̀ mi ní ìdì mẹ́ta báyìí: omi, oògùn, àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ padà wá. N kò pe lítà mọ́. Ọ̀rá omi méjì tí a kọ 50cl sí ni mo ń gbé lé orí tábìlì kí ìyá fojú rí i. Lẹ́yìn náà, òun ni yóò wá máa kọ́ mi bí yóò ṣe pò ó. Ìgbà tí ó bá sọ ọ́ tó gún ni mo tó fún un ní oògùn.

Ní 1969, nígbà tí Miller jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n fi ìmọ̀ náà ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ, kí ó má jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó kú ní 2012, ẹni ọdún 92.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gba ẹ̀bùn yín. Bí nọ́ọ̀sì bá ń da ọ̀rọ̀ bo yín, ẹ ní kí ó dúró, kí ó tún un sọ. Bí ó bá kanra, ẹ ní nọ́ọ̀sì inú ìwé ìròyìn ni ó rán yín.