Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Obudu, Ẹ Ka Wákàtí Ojúmọmọ

Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa. A ti fẹnu kò pé orí òkè Obudu ni a ó ti ṣe ìpàdépọ̀ tó ń bọ̀, nínú ọyẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́. Ohun tó kù ni pápákọ̀ òfuurufú tí a ó balẹ̀ sí. Àwọn kan ní Calabar ni. Àwọn kan ní ká balẹ̀ sí Abuja, ká gba Makurdi lọ. Ọ̀kan nínú wa tó wà ní Manchester ní òun gbọ́ pé pápákọ̀ kan wà nítòsí òkè náà gan-an, kí ló dé tí a kò lè wọ bàálù débẹ̀? Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ tí n kò fèsì. Mo fẹ́ sọ tèmi níbí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin sẹ́ẹ̀tì mìíràn ní ẹ̀ka yìí náà ń gbèrò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, àti nítorí pé èmi ni mo yan ọ̀nà fún wọn nígbà tí a kọ́kọ́ lọ.

Enugu ni èmi dìbò fún. Ká balẹ̀ sí Enugu, ká sùn síbẹ̀, ká sì gbéra ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni akọ̀wé ètò. Mo jókòó sí yàrá mi ní Agbowó, mo ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, mo rí i pé ìpínlẹ̀ kan náà ni Calabar àti Obudu wà, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Cross River gùn bí okùn kànga. Calabar wà nísàlẹ̀ létí omi, òkè Obudu wà lókè pátápátá ní ẹ̀bá ààlà Kamẹrúùnù, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì lé ní 330 kìlómítà. Ìrìn Ìbàdàn sí Èkó kò tó ìdajì rẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ló yẹ kí bàálù wa gbéra ní Ìkẹjà. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Nígbà tí a fi máa gbéra, agogo méjì ọ̀sán ti kọjá. A dé Calabar, a dúró de ẹrù, a jẹun (ta ni yóò dé Calabar tí kò ní jẹ edikang ikong?), ó sì ti ń lọ sí agogo márùn-ún kí a tó wọ bọ́ọ̀sì tí a háyà. Ẹnì kan nínú wa ní ká sùn sí Calabar kí ilẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní rárá, pé a ti sanwó yàrá lórí òkè, owó náà yóò ṣòfò.

A kò tíì dé Ikom tí ilẹ̀ fi ṣú. Eruku ọyẹ́ dúró lójú títì bí aṣọ tí wọ́n sá. Dírẹ́bà tan iná gíga, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn tan iná sára ògiri funfun. A kò rí nǹkan kan. Lọ́rì kan tó kó pákó ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà níwájú wa. Kò tan iná, wọn kò sì já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Ìgbà tí dírẹ́bà fi máa rí i, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Ó yà wọ inú igbó. Ẹnikẹ́ni kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ọ̀rẹ́ wa kan ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, apá yẹn kò sì tíì nà tán títí di òní. Òun gan-an ló ní ká sùn sí Calabar. Kò bú mi rí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Àwọn tó wà lókè òkun lára wa máa ń sọ̀rọ̀ yìnyín, bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sójú títì, bí táyà ìgbà òtútù ṣe yàtọ̀ sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tiwa ni eruku. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá, pàápàá láti kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, atẹ́gùn a sì máa gbé e wá bá wa láti oṣù Bélú títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà. Ní Bódìjà, ohun tí a mọ̀ mọ́ ọn ni ètè tó ń bó àti àga tí a nù láàárọ̀ tó tún funfun lálẹ́. Ní pápákọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí awakọ̀ bàálù kò bá lè rí iwájú tó bí òfin ṣe là á sílẹ̀, kò gbọdọ̀ gbéra, bó bá sì ti wà lókè, yóò wá ibòmíràn balẹ̀ sí. Àwọn òbí wa kò gbàgbé ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí bàálù tó ń kó àwọn tó lọ ṣe Hajj bọ̀ láti Jeddah kò rí Èkó balẹ̀ sí nítorí ojú ọjọ́ tó burú. Ó yà lọ sí Kano, ibi tó ti ń balẹ̀ ló ti bàjẹ́ tó sì gbiná. Ènìyàn 176 ló bá a lọ. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yẹn, n kì í bá òṣìṣẹ́ kankan jà mọ́ ní pápákọ̀ pé bàálù pẹ́. Kó pẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé yóò pẹ́ ni kó ṣètò bí ẹni tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n ń fi iye owó tíkẹ́ẹ̀tì wé ara wọn lórí WhatsApp, bí ẹni pé ibi tí bàálù bá balẹ̀ sí ni ìrìn àjò parí sí. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: bí bàálù bá fi wákàtí márùn-ún pẹ́, ṣé oòrùn yóò ṣì wà lójú ọ̀run títí a ó fi rin ọ̀nà tó kù tán? Ní ìhà ibẹ̀, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ìlú tí a balẹ̀ sí jẹ́ ìlú tí a ó sùn sí.

Pápákọ̀ tí ará Manchester wa gbọ́ nípa rẹ̀ wà lóòótọ́. Bebi ni wọ́n ń pè é. Pápá kékeré ni, fún bàálù kéékèèké tí àwọn olówó ń háyà. Gómìnà Ben Ayade náà bẹ̀rẹ̀ pápákọ̀ ńlá kan ní Obudu nígbà ìjọba rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gbé ìpàdé ogójì ènìyàn ka orí pápákọ̀ tí n kò tíì rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà.

Makurdi ló sún mọ́ jù lójú àwòrán ilẹ̀. Gboko, Vandeikya, Obudu, ó tán. Àmọ́ bàálù tó ń ná Makurdi kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ fi ń sọ pé Abuja ni ká balẹ̀ sí. Láti Abuja, Keffi, Akwanga àti Lafia ṣì wà níwájú kí ẹ tó rí Makurdi, ojúmọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ìròyìn ìkọlù tí a ń gbọ́ láti Benue kò sì jẹ́ kí n lè wo ojú ìyá ẹnikẹ́ni kí n ní ọmọ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ lọ ṣe fàájì.

Ní ti Calabar, ẹ má gbọ́ mi bí ẹni tó ń bú u. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́wọ́, kó gba ibẹ̀, kó sùn, kó sì lọ lójú ọ̀sán. Igbó náà dùn ún wò, bí ẹ bá sì dé agbègbè Ikom, ẹ ó rí oko kòkó tó máa mú ọmọ tó dàgbà sí òjìji Cocoa House ní Dùgbẹ̀ rántí pé àwa nìkan kọ́ la ni kòkó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni àwa ní. Ẹni tó bá tún fẹ́ lọ ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ̀ kó rántí pé ìgbà Carnival Calabar nìyẹn, tó ti wà láti ọdún 2004. Kí ó tètè wá yàrá.

Ó ku Enugu. Bàálù ń lọ síbẹ̀ tààrà láti Ìkẹjà. Láti ibẹ̀, Abakaliki, Ogoja, Obudu, ẹ ti wà ní ẹsẹ̀ òkè kí oòrùn tó rọ̀, bí ẹ bá gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀nà Enugu náà ní àléébù tirẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ pé kí ènìyàn jókòó sílé ní ọjọ́ Ajé ti ń da ìlú láàmú ní gbogbo ìhà Ìlà-Oòrùn, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ Ajé sínú ètò yín rárá. Ọjọ́rú ni ká dé Enugu, Ọjọ́bọ̀ ni ká gun òkè, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ká sọ̀, kí ọjọ́ Àìkú bá olúkúlùkù lọ́nà ilé.

Ohun tó jẹ́ kí n takú sí Enugu gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan. Ó jẹ́ ohun tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ lórí WhatsApp: owó. Ọ̀rẹ́ wa kan ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ring Road. Nígbà tí a lọ lọ́jọ́sí, ó ní àna òun ń ṣe ìsìnkú, òun kò lè wá. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ìsìnkú kankan. Owó bàálù lọ-bọ̀ sí Calabar ju owó oṣù rẹ̀ lọ, kò sì lè wọ mọ́tò láti Ìbàdàn kó bá wa débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ ìyá, a yan ìlú kan, ìlú yẹn sì ti ọ̀kan nínú wa síta láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè.

Enugu kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Challenge ní ìdájí, tó gba Sàgámù, Ọ̀rẹ̀ àti Benin dé Asaba, tó wá gba afárá kejì orí odò Ọya tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, yóò wà ní Enugu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù, kó wo àkókò ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2021. Agége ni kó ti sọ̀, Ìkẹjà kò jìnnà síbẹ̀. Alẹ́ kan náà ni ará Manchester àti olùkọ́ Ring Road yóò jọ jókòó, wọn á jọ jẹ ọkpá, wọn á jọ wọ bọ́ọ̀sì kan láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà jẹ́ èyí tí a ti yẹ̀ wò. Lára táyà ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin kan sí: bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe táyà náà, ẹ sọ fún dírẹ́bà pé kó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó máa lọ. Iná kékeré ni wọ́n ń tàn nínú eruku, kì í ṣe iná gíga. Ojú mi ni mo fi rí ìyẹn. Láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, kọ́nà méjìlélógún ló wà níbẹ̀, orí òkè náà sì ga ju 1,500 mítà lọ. Wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn kọ́nà náà ní Devil's Elbow. N kò ní túmọ̀ rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ Èṣù, nítorí àwa ọmọ ẹ̀ka yìí mọ̀ pé Èṣù kọ́ ni Sàtánì, Èṣù kò sì bá ẹnikẹ́ni kọ́ títì ní Obudu. Bí ẹ bá ń sọ̀, kí dírẹ́bà fi jíà kékeré sọ̀. Bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóná, tó bá sì ti gbóná kì í gbọ́ràn mọ́. Ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé ènìyàn gòkè wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè láti bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ mú súwẹ́tà dání. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí WhatsApp. Olùkọ́ Ring Road ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ó bèèrè iye tí bọ́ọ̀sì Challenge ń gbà dé Enugu. Ọ̀rẹ́ wa tí apá rẹ̀ ṣẹ́ náà kọ̀wé, ó ní òun ń bọ̀. Ó wá fi kún un pé: "Ibo ni a máa sùn sí?"