Ọmọ Tí Kò Lè Rìn Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀ràn

Ẹ̀yin ará wa ní Uselu, ní Ugbowo, àti gbogbo ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Ìbíní ṣe ilé. A ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú wa, bí a ò bá sì sọ ọ́ síta, inú wa ò ní fúyẹ́.

Lọ́jọ́ ọdún àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, àwa ìdílé mẹ́ta ní àdúgbò para pọ̀, a gba bọ́ọ̀sì kan, a kó ọmọ méje, ó di ibi ìṣeré kan tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu géètì. A ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ méje yẹn, mẹ́rin ń sáré, wọ́n ń fò. Ọ̀kan ò gbọ́ràn rárá. Ọ̀kan ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìṣe ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń ṣe. Èyí keje, ọmọbìnrin ni, kò lè rìn, ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Wheelchair la fi ń gbé e kiri.

Owó kan náà ni wọ́n gbà lórí àwọn méjèèje. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí a ṣe wọ géètì, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló pàdé wa, kò sí ọ̀nà míì. Ọkùnrin méjì nínú wa gbé ọmọ àti àga rẹ̀ gòkè. A débẹ̀ tán, yanrìn ni gbogbo ilẹ̀, táyà àga rì. Jangirọ́fà tó wà níbẹ̀, pákó lásán tí wọ́n so ṣéènì mọ́ ni, kò ní ẹ̀yìn, kò ní bẹ́líìtì. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, báwo ló ṣe máa gùn ún? A bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé kí ló wà fún ọmọ yìí láti ṣe. Ó ní kó jókòó síbi kan kó máa wo àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a sanwó fún jókòó fún wákàtí méjì, tó ń wo ọmọ ẹlòmíì.

Ìyẹn kọ́ ló dùn wá jù. Obìnrin kan wà nítòsí wa, Yorùbá bíi tiwa ni. Ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wa, ó wá bi wá pé, "Kí ló dé tí ẹ ò fi eléyìí sílẹ̀ nílé?" Nígbà tí a délé, a ròyìn rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa. Ẹnì kan nínú wọn tó ti dàgbà dáadáa fèsì pé, "Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n."

Ṣé ẹ rí òwe yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í lò. Ọmọ ọ̀ràn ni ọmọ tó jalè, tó lu olùkọ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà wọlé. Ọmọ tí kò lè rìn, ọ̀ràn wo ló dá? Ta ló jà lólè? Òwe míì wà tí ẹ mọ̀, ẹ kàn fi í pamọ́ ni: ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Igba ojú yẹn dà? Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wo ọmọ wa lóòótọ́, wọ́n wò ó bí ẹni wo ìran.

Àwọn kan tún ń sọ pé àyé ló ṣe é, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tí èémí ò dé ọpọlọ rẹ̀ tó, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun, èyí tí a máa ń gbé sínú oòrùn òwúrọ̀ dípò ká gbé e lọ sí ọsibítù, tó bá le jù, ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Àrùn yírùnyírùn náà ń ṣe é. Àwa tí a ti lé ní 50 ọdún, a rántí àwọn ẹgbẹ́ wa tí rọpárọsẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ló ṣẹ́gun rẹ̀, títí wọ́n fi kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò ní Áfíríkà. Tó bá jẹ́ àjẹ́ ló ń fa rọpárọsẹ̀, ṣé ẹ̀kán oògùn méjì ló máa lé e lọ?

Àwọn baba ńlá wa pàápàá pe àwọn wọ̀nyí ní ẹni òòṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí òṣùpá bá yọ, ọmọ tí rọpárọsẹ̀ mú ń bá wa ṣeré. Tí a bá ń ṣe bojúbojú, òun ló máa ń bo ojú ẹni tó máa wá wa kiri. Tí a bá ń ta ayò, òun ló ń pa wá láyò. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó sínú yàrá. A wá lajú, a kàwé, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, a wá ń ti ọmọ mọ́lé tí àlejò bá dé. Irú ọ̀làjú wo nìyẹn?

Ẹ̀yin tó ni ibi ìṣeré, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Òfin wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ láti ṣeré. Lóṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ẹ̀tanú sí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀: ìtanràn 100,000 náírà fún èèyàn kan, mílíọ̀nù kan náírà fún iléeṣẹ́. Òfin yẹn fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe kí oníwheelchair lè wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé owó ò sí. Ọjà ohun ìkọ́lé la ń tà, a mọ iye tí sìmẹ́ńtì ń jẹ́. Ìṣirò rẹ̀ ò le: tí ibi tí ẹ fẹ́ gùn bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fa ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó íǹṣì 32 ó kéré tán. Ẹ da kọnkéré tóóró kan gba àárín yanrìn kọjá dé ìdí jangirọ́fà. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ẹ̀yìn sí jangirọ́fà kan ṣoṣo, kó de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Owó tí ẹ fi kun ògiri yín lọ́dún yìí tó o ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú San Antonio, bàbá kan tó ń jẹ́ Gordon Hartman rí i pé ọmọ òun obìnrin tó ní ìpèníjà ò rí ẹgbẹ́ bá ṣeré. Ó kọ́ ọgbà ìṣeré ńlá kan, Morgan's Wonderland, ó sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ náà. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2010, ẹni tó bá ní ìpèníjà kì í san owó ìwọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kọ́ irú ẹ̀. Jangirọ́fà kan là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

A mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, "Ebi ń pa wá, ẹ ń sọ ti jangirọ́fà." Ebi ń pa àwa náà. Ṣùgbọ́n ebi ò ní kí ẹ má ra aṣọ ẹbí, ebi ò ní kí ẹ má gba olórin tí ọdún bá dé. Ẹ̀yin tó sì rò pé irú ọmọ yìí ò lè já mọ́ nǹkan kan, ẹ rántí Rio lọ́dún 2016. Àwọn tí ara wọn pé lọ sí Òlíńpíìkì, bàbà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé bọ̀, ti bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ní ìpèníjà ara lọ sí Paralympics, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ 12 wálé, 8 nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà. Orin orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n kọ níbẹ̀, àwọn ló jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí a ò lè gbàgbé. Ọmọ Ẹ̀dó kékeré kan, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ àga ọmọ wa, ó ń bu yanrìn sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Yanrìn ń dà sílẹ̀, ó tún ń bu òmíì. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn rí wọn, kò fà á sẹ́yìn. Ó kàn kí wa ní "Kóyo", ó bá tirẹ̀ lọ. Ará ibòmíì ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa o. Ọmọ ìyá wa ló ní ká fi í sílẹ̀ nílé.

Ohun tí a fẹ́ rèé. Àríyá àwọn ọmọ tí a máa ń ṣe lópin ọdún, kí wọ́n má ṣe é níbikíbi tí wheelchair ò lè wọ̀. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó olórin, ká fi ṣe jangirọ́fà kan tó ní ẹ̀yìn, kó jẹ́ ti gbogbo ọmọ àdúgbò, Yorùbá àti Ẹ̀dó. Àwa máa mú sìmẹ́ńtì wá. Kí ẹni tó bá mọ wẹ́dà mú wẹ́dà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ yìí nínú yàrá, a mọ̀ pé ẹ pọ̀, a sì mọ ìdí tí ẹ kì í fi í sọ̀rọ̀. Tí ìpàdé bá kò lóṣù tó ń bọ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ wọṣọ fún un, ẹ gbé e wá. Iwájú ni tiwa máa jókòó. Ẹ wá jókòó tì wá.